Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì: ṣé ìgbàgbọ́ ni wọ́n jà lé lórí ní tòótọ́, àbí ta ni ọ̀gá?

Àyìnlá_Mushin
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àárọ̀ o. Àríyànjiyàn kan ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa látàná, ẹnì kan ní Ogun Tútù tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì bára wọn fà láti 1945 títí wọ 1991, pé ìgbàgbọ́ ló fà á, pé àwọn kan fẹ́ kí kálukú ní nǹkan tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn kan, ìyẹn àwọn kọ́múníìsì, fẹ́ kí ìjọba ni gbogbo ẹ̀, ó tán. Èmi ò gbà rárá. Tèmi ni pé ta ni yóò máa pàṣẹ fáyé ni wọ́n ń jà lé lórí, ọ̀rọ̀ òmìnira àti ọ̀rọ̀ Marx tí àwọn kọ́múníìsì ń tẹ̀ lé yẹn, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ẹ wò ó, láti 1941 sí 1945 ṣebí ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Amẹ́ríkà ń kó ọkọ̀ akẹ́rù, oúnjẹ àti ẹ̀rọ òfuurufú ránṣẹ́ sí Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, kó fi bá Hitler jà, owó gbogbo ẹ̀ tó bílíọ̀nù 11 dọ́là, owó ìgbà yẹn o. Ṣé Stalin ò tíì di kọ́múníìsì nígbà yẹn ni? Hitler kú tán, kò pọ́dún kan, wọ́n ti ń wo ara wọn níwòkuwò.

Ẹ bá mi dá sí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wá sọ pé "Amẹ́ríkà burú" tàbí "Rọ́ṣíà burú", ẹ mú ẹ̀rí wá.

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀bú
Àyìnlá, ìbéèrè rẹ dáa, o kàn ti dájọ́ kó o tó gbẹ́jọ́ ni. Ìtàn ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ n to díẹ̀ fún ẹ.

Àwọn Sófíẹ̀tì tó kú nínú ogun Hitler tó mílíọ̀nù 27. Má sáré ka nọ́ḿbà yẹn kọjá. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ni Jámánì gbógun wọ ilẹ̀ wọn, ọ̀nà Poland ló sì dùn ún gbà. Torí náà nígbà tí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Sófíẹ̀tì jókòó ìpàdé ní Yalta ní February 1945, ohun tó wà lọ́kàn Stalin ni pé Poland ò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn òun mọ́ láéláé. Ó ṣèlérí ìdìbò fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò yẹn wáyé ní January 1947, èrú pátápátá ni. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fìbò yọ nípò, ti lọ sí Fulton, ìlú kékeré kan ní Missouri, ní March 1946, ó ní aṣọ ìkélé irin ti já bọ́ sáàárín Yúróòpù. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ní owó ti tán lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò lè ran Gíríìsì lọ́wọ́ mọ́, ni Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, bá lọ bá àwọn aṣòfin ẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní mílíọ̀nù 400 dọ́là fún Gíríìsì àti Tọ́kì. Lẹ́yìn náà ló kan owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní owó Marshall, bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là láti 1948, láti fi tún Yúróòpù kọ́. Czechoslovakia ti ní àwọn máa gbà níbẹ̀, Stalin ránṣẹ́ pè wọ́n sí Moscow, wọ́n padà délé wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ní February 1948 àwọn kọ́múníìsì gba ìjọba ní Prague.

June ọdún yẹn kan náà ni Stalin di gbogbo ọ̀nà tó wọ ìwọ̀ oòrùn Berlin pa, títì, rélùwéè, odò, gbogbo ẹ̀. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi báálù kó èédú àti oúnjẹ wọ̀lú fún oṣù mọ́kànlá, ó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ẹrù, títí Stalin fi ṣílẹ̀kùn ní May 1949. Wọ́n dá NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, sílẹ̀ ní April, orílẹ̀-èdè 12. Nígbà tó di August, Sófíẹ̀tì yin bọ́ǹbù átọ́míìkì tiwọn náà.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ẹ̀rù, ẹ̀rù níhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ló ń sọ fún olúkúlùkù ohun tó yẹ kó bẹ̀rù. Ẹni tó ti gbà tipẹ́tipẹ́ pé àwọn olówó ayé ò ní jẹ́ kóun rímú mí, bí wọ́n gbé owó Marshall síwájú ẹ̀, ìwọ̀ ẹja ló máa rí nínú ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́LDN
Ẹ ṣeun Bàbá. Àyìnlá, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá nìkan ni, kí ló dé tí wọ́n fi ní láti mọ ògiri sí Berlin kí àwọn èèyàn tiwọn má baà sá lọ? Kí ògiri yẹn tó dé ní August 1961, àwọn tó ti kúrò ní Ìlà Oòrùn Jámánì ti tó mílíọ̀nù 3. Dókítà, ẹnjiníà, tíṣà, gbogbo ẹ̀ ń japa (bẹ́ẹ̀ ni, japa ni mo pè é 😂). Ó kéré tán èèyàn 140 ló kú síbi ògiri yẹn títí tó fi wó.

Obìnrin ará Hungary kan wà níbi iṣẹ́ mi, ìyá ẹ̀ wà nínú àwọn bíi 200,000 tó sá kúrò níbẹ̀ ní 1956, nígbà tí táǹkì Sófíẹ̀tì wọ Budapest ní November 4. Olórí ìjọba wọn, Imre Nagy, kọ́múníìsì lòun náà o, ohun tó kàn ṣe ni pé ó ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ sí i, kí Hungary sì kúrò nínú ẹgbẹ́ ológun Warsaw tí Sófíẹ̀tì ń darí. Wọ́n yẹgi fún un ní 1958. Ẹ lọ sọ fún obìnrin yẹn pé ìgbàgbọ́ ò sí níbẹ̀.

Àyìnlá_Mushin
Sìstá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́: kọ́múníìsì ni Nagy! Kọ́múníìsì pa kọ́múníìsì torí pé ó fẹ́ jáde lábẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀rí tèmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún wo apá kejì. Mossadegh ní Iran, àwọn aṣòfin wọn ló yàn án, ohun tó ṣe ò ju pé ó gba epo ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ kọ́ḿpìnì Gẹ̀ẹ́sì, CIA, ìyẹn àwọn aṣamí Amẹ́ríkà, àti àwọn aṣamí Gẹ̀ẹ́sì bì í ṣubú ní August 1953. Árbenz ní Guatemala, ìbò ni wọ́n fi yàn án, ó fẹ́ pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, ilẹ̀ kọ́ḿpìnì ọ̀gẹ̀dẹ̀ Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, 1954 wọ́n lé e lọ. Lumumba, olórí ìjọba Kóńgò, ńkọ́? Kóńgò gbòmìnira ní June 30, 1960, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì agbègbè Katanga ní àwọn yapa, Lumumba wọkọ̀ òfuurufú ó di Washington, ààrẹ ibẹ̀, Eisenhower, ò dá a lóhùn, kò rí i sójú. Ìgbà tó wá yíjú sí Sófíẹ̀tì fún báálù àti ọkọ̀ ni wọ́n wá ní "ẹ ò rí i, kọ́múníìsì ni". January 17, 1961 wọ́n ti pa á. Mobutu tí wọ́n gbé lárugẹ jókòó sórí ilẹ̀ yẹn títí di 1997. Òmìnira wo ló wà níbẹ̀?

Kọ́lá_kò_sùn
Mo jókòó síbí pẹ̀lú gúgúrú àti ẹ̀pà. Ẹ máa bá a lọ.

TáyéOníwèé
Ẹ gbà mí láyè, torí kò sí ibi tí àríyànjiyàn yìí ti hàn kedere tó Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ìgbàgbọ́ ni, ẹ bá mi ṣàlàyé eléyìí.

Siad Barre gba ìjọba ní Sòmálíà ní 1969, ó ní sóṣálíìsì ni àwọn ń ṣe, Sófíẹ̀tì di ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n fún un ní ìbọn àti táǹkì, òun náà fún wọn ní èbúté Berbera kí ọkọ̀ ojú omi wọn máa gúnlẹ̀ sí. Lódì kejì ààlà, Etiópíà, Haile Selassie ni ọba, ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni, àwọn Amẹ́ríkà ní ibùdó tí wọ́n ti ń gbọ́ rédíò ọ̀tá ní Asmara. Ó dáa. 1974 àwọn sójà yọ Haile Selassie, àwọn náà ní Marx làwọn ń tẹ̀ lé. Wàyí o, July 1977, Siad Barre kó ọmọ ogun wọ Ogaden láti gba ilẹ̀ tí àwọn Sòmálì ń gbé. Kọ́múníìsì méjì dojú kọra wọn, ohun ìjà Sófíẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀kan. Kí ni Sófíẹ̀tì ṣe? Wọ́n wo àwọn méjèèjì, wọ́n rí i pé Etiópíà tóbi jù, èèyàn ẹ̀ pọ̀ jù, ni wọ́n bá fo ààlà! Wọ́n ń fi báálù já ohun ìjà sílẹ̀ fún Mengistu, olórí Etiópíà, lọ́sàn-án lóru, àwọn ọmọ ogun Kúbà bíi 15,000 dé, ọ̀gágun Sófíẹ̀tì ló ń darí ogun. Siad Barre lé gbogbo àwọn Sófíẹ̀tì jáde ní November, ìgbà tó di March 1978 wọ́n ti lé òun náà kúrò ní Ogaden. Ta ló wá gba Berbera lẹ́yìn ẹ̀? Amẹ́ríkà, 1980. Ọkùnrin kan náà, ìjọba kan náà, kò yí ohunkóhun padà nílé ẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀tá òmìnira ni, nírọ̀lẹ́ ó ti di ọ̀rẹ́.

Àbẹ̀kẹ́LDN
Ọ̀rọ̀ Ogaden yẹn, mi ò lè bá yín jiyàn ẹ̀ jàre. Ṣùgbọ́n Áfíríkà nìyẹn, a mọ̀ pé wọn ò kà wá sí. Mo ṣì dúró lórí Berlin.

Adéwálé_Mọ́kọ́lá
Ẹ ò rìn jìnnà tó, ogun yẹn dé Ìbàdàn níbí.

Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, dá Peace Corps sílẹ̀ ní March 1961, pé kí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lọ máa kọ́ àwọn èèyàn níwèé káàkiri ayé, kí àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira má baà yíjú sí Moscow. Àwọn tó kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n gbé wọn sí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. October ọdún yẹn, ọmọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé nípa bí ìlú ṣe dọ̀tí, bí àwọn èèyàn ṣe ń se oúnjẹ lójú títì tí wọ́n ń tọ̀ lójú títì, káàdì já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dé ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i he. Yéè! Wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹ̀, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n ṣèwọ́de, wọ́n ní kí gbogbo Peace Corps máa lọ, pé aṣamí ni wọ́n. Ọmọ yẹn ní láti padà sílé. Ẹ wo àwọn agbára ayé méjì tó ní bọ́ǹbù tó lè pa ayé rẹ́, káàdì kan ṣoṣo ló ń da oorun láàmú fún wọn ní Washington.

Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ eré. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ nítòsí Dùgbẹ̀, Ulli Beier, Soyinka, Okigbo, J.P. Clark, Achebe, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ níbẹ̀. Owó tó ń wọlé fún Mbari, àjọ kan tó wà ní Paris ló ń fún wọn, wọ́n ń pè é ní Congress for Cultural Freedom. Nígbà tó di 1966, 1967, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú u síta pé CIA ló wà nídìí àjọ yẹn látilẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tiwa ò mọ̀ o. Ìdí tí CIA fi ṣe é ni pé Moscow ń tẹ ìwé lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní sikọ́láṣíìpù, wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1960, wọ́n sọ ọ́ ní Patrice Lumumba ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè mi sí Àyìnlá nìyí: tí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ aṣọ ìbora lásán, kí ló dé tí wọ́n fi ń náwó tó pọ̀ tó báyìí lórí ohun tí akéwì Ìbàdàn ń rò?

Kọ́lá_kò_sùn
CIA sanwó kí wọ́n má ṣe kọ́múníìsì, àwọn bọ̀dá yẹn gba owó wọ́n kọ ohun tó wù wọ́n. Èmi ò rí ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ nínú gbogbo Ogun Tútù yìí 😂😂

Àyìnlá_Mushin
@Adéwálé, ẹ̀gbọ́n, tórí kí wọ́n lè rí wa lò ni. Ọkàn èèyàn náà dúkìá ni. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìbéèrè tó le lẹ bi mí yẹn.

Kétu_NiMíWá
Ẹ kú ìjókòó o, láti Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba Marx tí ẹ ń sọ yìí, àwa gbé inú ẹ̀.

Kérékou gba ìjọba ní October 26, 1972, kò sọ̀rọ̀ Marx kankan nígbà yẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, November 30, 1974, ó lọ sí Abomey ó ní láti òní lọ Marx àti Lenin la ó máa tẹ̀ lé. Bó ṣe di ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ náà gan-an, ó pa orúkọ Dahomey rẹ́, a di Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo èèyàn di "kamaráàdì". Wọ́n gba ilé ìwé àwọn fádà, wọ́n gba báńkì. Àwọn bàbá awo àtàwọn olórìṣà nílé wa rí ìyà, wọ́n ní ohun àtijọ́ tó ń fa ìlú sẹ́yìn ni wọ́n ń ṣe. January 16, 1977, àwọn sójà àgbàṣe tí Bob Denard ará Faransé kó wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Cotonou láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n yìnbọn títí wọ́n fi sá padà, wọ́n tiẹ̀ gbàgbé àwọn ìwé àṣírí wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà rèé: ní gbogbo ọdún tí a fi jẹ́ kọ́múníìsì yẹn, owó CFA tí Faransé ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún náà la ṣì ń ná! A ò kúrò nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ Lenin ni wọ́n ń kà lórí rédíò, Paris ni owó wà. Nígbà tó di 1988, 1989, báńkì dẹnu kọlẹ̀, tíṣà ò rówó oṣù gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣèwọ́de, ní December 1989 Kérékou fúnra ẹ̀ ní òun ò ṣe Marx mọ́. February 1990 ni àpérò gbogbo ìlú, 1991 wọ́n fìbò yọ ọ́. Nígbà tó fi máa padà wá pẹ̀lú ìbò ní 1996, ó ti di àtúnbí, Bíbélì ló ń gbé kiri.

Ẹ wá sọ fún mi, ìgbàgbọ́ wo ni Kérékou ní?

ÌyáÌbejì_Ọ̀tà
Kétu, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, àtúnbí kẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan sọ fún wa, àwọn méjèèjì gan-gan, ṣé wọn ò tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà rí? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀bú
Ìyá Ìbejì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. October 1962, ní Kúbà.

Ní April 1961 Amẹ́ríkà ti rán àwọn ará Kúbà tó sá wá bá wọn, bíi 1,400, kí wọ́n lọ gba ìjọba lọ́wọ́ Castro, wọ́n gúnlẹ̀ sí Bay of Pigs, ọjọ́ mẹ́ta péré Castro ti kó wọn. Torí náà Castro ń wá ẹni tí yóò dáàbò bò ó. Khrushchev, olórí Sófíẹ̀tì nígbà yẹn, náà ń wo mìsáìlì Jupiter tí Amẹ́ríkà gbé sí Tọ́kì, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀, ó ní kí àwọn náà mọ̀ bó ṣe ń rí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó mìsáìlì lọ sí Kúbà ní bòókẹ́lẹ́. Báálù aṣamí Amẹ́ríkà, U-2, ya fọ́tò wọn, October 16 wọ́n gbé e wá síwájú Kennedy. Ọjọ́ 13 ni ayé fi wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn ikú. Kennedy fi ọkọ̀ ogun yí Kúbà ká.

Ọjọ́ tó burú jù ni October 27. Wọ́n yìnbọn já U-2 kan lókè Kúbà, ọ̀gágun tó ń wà á, Rudolf Anderson, kú. Lọ́jọ́ yẹn náà, nínú òkun, ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ̀tì kan, B-59, ń sá pamọ́ fún ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Àwọn ti òkè ń ju bọ́ǹbù kéékèèké sínú omi, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, pé kí ó jáde wá. Bátìrì ọkọ̀ ti ń tán, ooru inú ẹ̀ ò ṣe é fara dà, èémí ń ṣòro, wọn ò gbọ́ nǹkan kan láti Moscow, wọn ò mọ̀ bóyá ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn Amẹ́ríkà ò mọ̀ ni pé tọ̀pídò kan wà nínú ẹ̀ tó ní bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ọ̀gá ọkọ̀, Savitsky, bínú, ó ní kí wọ́n múra ẹ̀ sílẹ̀. Vasily Arkhipov, ọ̀gá mìíràn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, kò gbà. Ó pẹ̀tù sí i nínú, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sókè. Ó tó ogójì ọdún kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn.

Ọjọ́ kejì ni Khrushchev ní òun máa kó mìsáìlì òun kúrò. Kennedy ṣèlérí ní gbangba pé òun ò ní gbógun ti Kúbà, ó sì ṣèlérí ní kọ̀rọ̀ pé òun máa kó ti Tọ́kì kúrò. Ta ni wọn ò bi léèrè? Castro. Orí rédíò ló ti gbọ́. Bínú ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Àyìnlá, o lè fi ìyẹn kún ẹ̀rí rẹ.

Lúkúmí_Èkó
Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé Kúbà yẹn lọ sí Àǹgólà, torí ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀.

November 1975 Àǹgólà ń gbòmìnira lọ́wọ́ Portugal, ẹgbẹ́ mẹ́ta ń jà: MPLA, FNLA, UNITA. Sófíẹ̀tì wà lẹ́yìn MPLA, Amẹ́ríkà àti South Africa wà lẹ́yìn àwọn tó kù, àwọn sójà South Africa ti wọ ilẹ̀ yẹn tí wọ́n ń bọ̀ ní Luanda. Castro rán ọmọ ogun. Orúkọ tí wọ́n sọ iṣẹ́ yẹn ni Carlota. Ta ni Carlota? Ẹrúbìnrin Lúkúmí ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Kúbà, tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas ní November 1843. Wọ́n pa á sójú ìjà. Ọdún 132 lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni àwọn ọmọ Kúbà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ọmọ ẹrú, fi padà wá sí Áfíríkà láti bá àwọn apàátáídì jà. Àwọn tó lọ títí di 1991 lé ní 300,000.

Ìjọba Murtala ti gba MPLA wọlé ní November yẹn, wọ́n fún wọn ní mílíọ̀nù 20 dọ́là. Ford, ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Áfíríkà ohun tí wọn ìbá ṣe, Murtala gba ibẹ̀ lọ sí Addis Ababa ní January 11, 1976, ó ní Áfíríkà ti dàgbà, kò sẹ́ni tí yóò máa pàṣẹ fún un mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa á.

Ẹ wá gbọ́ ti Cabinda. Epo Àǹgólà, Gulf Oil ti Amẹ́ríkà ló ń wà á níbẹ̀. Ìjọba kọ́múníìsì ń gba owó epo lọ́wọ́ kọ́ḿpìnì Amẹ́ríkà, ó ń fi í bá UNITA tí Amẹ́ríkà ń fún ní ìbọn jà, ta ló wá ń ṣọ́ kànga epo yẹn? Sójà Kúbà! Ẹ̀yin ará, mo ní sójà Kúbà ló ń ṣọ́ dúkìá Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀ mi ò ní gbà pé àwọn ọmọ Kúbà yẹn ò gba ohun kan gbọ́. Kò sí epo tí wọ́n kó lọ sílé.

Kọ́lá_kò_sùn
Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba ogun abẹ́lé tiwa. 1967, Lagos bẹ Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn ò ní ta ìbọn fún ẹnikẹ́ni. Sófíẹ̀tì ní ẹ wá, August yẹn MiG ti balẹ̀ ní Kano. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ta ìbọn fún Lagos. Ní ọ̀dọ̀ Biafra: Faransé, Portugal tó jẹ́ ọmọ NATO, Ṣáínà ti Mao náà sì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ lẹ́nu. Ẹ bá mi yà wọ́n sọ́tọ̀, ta ni kọ́múníìsì, ta ni kapitálíìsì? Gowon gan-an ò gba kọ́múníìsì láàyè nílé, ọwọ́ Moscow ló ti ń ra báálù.

Ṣọlá_Tẹ́lífóònù
Mo fẹ́ràn ti ojú ọ̀run jù. Sputnik, sátẹ́láìtì Sófíẹ̀tì, lókè ní October 4, 1957, Gagarin, ọmọ Sófíẹ̀tì, ní April 12, 1961 fi ìṣẹ́jú 108 yí ayé ká, Amẹ́ríkà dé òṣùpá ní July 1969. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé Èkó wà nínú ẹ̀? August 23, 1963, Kennedy bá Tafawa Balewa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù tó gba sátẹ́láìtì Syncom 2 kọjá, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan ló dúró ní èbúté Èkó tó ń gba ohùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ àdéhùn lórí dídán bọ́ǹbù wò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí, wọ́n tún sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ Dick Tiger àti Fullmer tí wọ́n jà ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ bíi méjì ṣáájú.

TáyéOníwèé
Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe parí kí wọ́n tó ti tọ́píìkì yìí pa. Èmi rò pé owó ló pa Sófíẹ̀tì. Wọ́n wọ Afghanistan ní December 1979, ọdún mẹ́sàn-án lé, sójà wọn bíi 15,000 kú, ká má tíì sọ ti àwọn ará Afghanistan. Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, ń náwó sí ohun ìjà, wọ́n fẹ́ bá a dọ́gba. Ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl bú gbàù ní April 1986. Ọdún yẹn kan náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, epo sì ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rówó ra ọkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ti 1986 nílé níbí, ìjábọ́ epo yẹn náà ni. Òkúta kan ló ba ẹyẹ méjèèjì.

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀bú
Táyé, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òtòṣì náà máa ń ní táǹkì. North Korea ò lówó, ṣé ó ti wó? Ní 1989, sójà Sófíẹ̀tì tó wà ní Ìlà Oòrùn Jámánì nìkan lé ní 300,000. Ní 1956 wọ́n lò wọ́n ní Budapest, ní 1968 wọ́n wọ Prague. November 9, 1989, Schabowski, agbẹnusọ ẹgbẹ́ wọn ní Berlin, ka bébà tí kò tíì kà dáadáa síwájú àwọn oníròyìn, pé àwọn èèyàn lè máa rìnrìn àjò jáde, wọ́n ní ìgbà wo ni ìrìn àjò máa bẹ̀rẹ̀, ó ní lójú ẹsẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ ya bo ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè ò rí àṣẹ gbà, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Táǹkì wà ní bárékè. Gorbachev, olórí Sófíẹ̀tì, ò ní kí wọ́n jáde. Ìbọn ò tán lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ kò gbà gbọ́ mọ́ pé ó yẹ kóun fi ìbọn mú èèyàn sínú sóṣálíìsì. Àyìnlá, bó bá jẹ́ agbára nìkan ni, báwo ni ẹni tó ní agbára ṣe jókòó tó ń wò ó bó ṣe ń lọ? December 25, 1991 ó kọ̀wé sílẹ̀, wọ́n sọ àsíá pupa kalẹ̀ ní Kremlin.

Àyìnlá_Mushin
Bàbá, ti Gorbachev yẹn wúwo, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kan ṣoṣo yìí. Láti 1991 kò sí kọ́múníìsì ní Moscow mọ́. Wọ́n ní báńkì, wọ́n ní bílíọ́nìà, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Tó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ló fa ìjà, ó yẹ kí ìjà ti tán. Kí ló dé tí NATO tó jẹ́ 12 ní 1949 fi di 32 báyìí?

Àbẹ̀kẹ́LDN
Torí àwọn aládùúgbò ló ń sáré wọ̀ ọ́, Àyìnlá, Washington kọ́ ló lọ fà wọ́n lápá. Ẹ wo àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ní 1999: Poland, Czech, Hungary. Poland tí ìdìbò ẹ̀ jẹ́ èrú, Prague tí táǹkì wọ̀, Budapest tí wọ́n ti yẹgi fún Nagy. Estonia, Latvia àti Lithuania tí Stalin gbé mì tẹ̀ lé wọn ní 2004. Finland gan-an, tó ti ń dá dúró láti ìgbà ogun Hitler, 2023 ló wọ̀ ọ́, ọdún kan lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine.

Àyìnlá_Mushin
Ẹ̀rù aládùúgbò nìyẹn, sìstá. Ẹ̀rù kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ohun tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn.

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀bú
Mo ní ẹ̀rù, mo sì ní ìgbàgbọ́ ló ń sọ ohun tí a ó bẹ̀rù. Apá kejì yẹn lo fò. Mo ń bọ̀ lálẹ́, iná ti fẹ́ lọ níbí.